Ṣé kí n ti máa fi náírà ra séfà pamọ́ nítorí Eco?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ láàrin Ìdíròkò àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní owó Eco, owó kan ṣoṣo tí àwọn ilẹ̀ ECOWAS fẹ́ jọ máa ná, máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2027, pé náírà àti séfà á kásẹ̀ ńlẹ̀. Ọmọ mi ní kí n ti máa fi náírà ra séfà, kí n tọ́jú ẹ̀, torí pé séfà ló máa di Eco. Kí gan-an ni CBN àti báńkì àwọn ará Kútọnu ń ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ náà? Àbí ó tún máa rí bíi ti 2023, tí a ń sùn sẹ́nu báńkì tí a ò sì rówó gbà?”

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ má torí Eco ra séfà. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ra ọjà ní Àjàṣẹ́, ẹ rà á bí ẹ ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kó owó òwò ti sí kọ̀rọ̀ nítorí ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú apá kejì ìbéèrè yín. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí àwọn báńkì àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe parí kí orílẹ̀-èdè mélòó kan tó lè jọ máa ná owó kan ṣoṣo, yóò lè wo tiwa, yóò sì rí bó ṣe jìnnà tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kan tó pààrọ̀ owó lásìkò náà gan-an tí náírà tuntun ń fojú wa rí màbo. Kroatíà wà létí Òkun Adriatic ní ilẹ̀ Yúróòpù, èèyàn ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́rin, kuna sì ni wọ́n ń ná láti ọdún 1994. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2023, wọ́n fi kuna sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná Yúrò. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fi ná owó méjèèjì pọ̀: ẹ lè fi kuna ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n Yúrò ni olùtajà yóò fi fún yín ní ṣéńjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kuna kò ṣeé ná lọ́jà mọ́, àmọ́ kò di bébà lásán. Báńkì àpapọ̀ wọn ṣèlérí pé títí ayé ni òun yóò máa gba owó bébà kuna lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un wá. Owó ẹyọ nìkan ló ní gbèdéke, ìyẹn ìparí ọdún 2025. Ohun tí aráàlú ráhùn lé lórí jù ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó fi ọgbọ́n àyínìke gbé iye ọjà sókè nígbà tí wọ́n ń yí i padà sí Yúrò. Owó fúnra rẹ̀ kò wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Oṣù Keje ọdún 2013 ni Kroatíà wọ ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n so kuna mọ́ Yúrò: kuna 7.53450 sí Yúrò kan, pẹ̀lú àdéhùn pé ó kéré tán fún ọdún méjì, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò níbẹ̀ kọjá ààlà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, báńkì àpapọ̀ Yúróòpù tó wà ní Frankfurt bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ nínú àbójútó àwọn báńkì ńláńlá Kroatíà, láti mọ̀ bóyá ìwé wọn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2022, wọ́n kéde iye tí wọn yóò fi pààrọ̀ owó, iye náà sì ni 7.53450 tí gbogbo ayé ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn tó ń fojú sọ́nà láti jèrè lórí pàṣípààrọ̀ kò rí ohunkóhun jẹ níbẹ̀. Láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ọjà tó wà lórí àtẹ gbọ́dọ̀ ní iye méjì lára, ti kuna àti ti Yúrò, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí ọdún 2023 fi parí, kí ojú lè mọ́ iye tuntun náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n ń ta àpò owó ẹyọ kéékèèké fún aráàlú: ẹyọ 33 nínú àpò kan, iye rẹ̀ jẹ́ Yúrò 13.28, kuna ọgọ́rùn-ún géérégé ni wọ́n ń rà á. Torí pé ṣéńjì ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù o. Wọ́n fẹ́ ya ẹranko kékeré kan tí kuna ti gba orúkọ rẹ̀ sára owó ẹyọ Yúrò kan, wọ́n sì ti yan àwòrán tó borí. Àfi bí ariwo ṣe gba ìlú pé fọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n wò ya á. Ayàwòrán náà yọwọ́, wọ́n sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú báńkì àpapọ̀ náà, tí aráàlú kò rí, ló gba ọgbọ́n jù. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, dandan ni kí àwọn báńkì Kroatíà fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn èèyàn kó sọ́dọ̀ wọn pamọ́ sí báńkì àpapọ̀. Ìdá 1 péré ni òfin Yúrò béèrè. Bí wọ́n bá dúró de òru ọjọ́ kìíní ọdún kí wọ́n tó já a bọ́ láti 9 sí 1, owó rẹpẹtẹ ni ì bá tú dà sígboro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjà ì bá sì gbówó lórí. Nítorí náà, wọ́n gé e sí 5 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1. Wọ́n tún so ẹ̀rọ tí àwọn báńkì fi ń sanwó fún ara wọn pọ̀ mọ́ ti gbogbo Yúróòpù, wọ́n kó dọ́là àti góòlù tiwọn lọ fi kún èyí tó wà ní ìpamọ́ lábẹ́ báńkì Frankfurt. Iye tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá ní ìlànà: ìdajì rẹ̀ dá lórí iye èèyàn tó ní, ìdajì tó kù dá lórí bí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ẹ wá wo tiwa. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022 ni CBN kéde pé òun yóò yí àwọ̀ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà padà. Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá ni owó tuntun jáde, ọjọ́ 31, oṣù Kìíní sì ni wọ́n ní ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́. Ọjọ́ 47 ló wà láàrin méjèèjì. Wọ́n sún un di ọjọ́ 10, oṣù Kejì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí, kò yẹ kí n máa rò ó fún yín. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, lẹ́yìn náà ó tún ní kó máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náírà ṣì ni náírà. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n pa láró. Kroatíà pààrọ̀ owó fúnra rẹ̀ pátápátá, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì tó wọn, torí pé ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ tó ti gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí bóyá Eco yóò rí bíi ti 2023, èsì mi ni pé bí wọ́n bá kánjú ṣe é, yóò burú ju ti 2023 lọ. Mi ò rò pé wọ́n á kánjú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Títẹ owó bébà ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Èyí tó le ni kí báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kan gbé agbára rẹ̀ lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní Abuja, ìgbìmọ̀ CBN ló ń pinnu iye èlé tó wà lórí owó. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, wọ́n ti gbé e dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dé ìdá 34.8 ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Lásìkò kan náà, BCEAO, ìyẹn báńkì tó ń bójú tó séfà láti Dakar, fi tirẹ̀ sí 3.5. Nígbà náà, láti Ìdíròkò, tí ẹ bá sọdá ẹnubodè, 27.5 ti di 3.5. Bí owó bá sì jẹ́ ọ̀kan, èlé kan ṣoṣo ló lè ní. Èwo ni ká mú? Bí wọ́n bá mú ti Dakar, owó yóò ya bo ọjà Nàìjíríà, ọ̀wọ́n gógó yóò sì le sí i. Bí wọ́n bá mú ti Abuja, oníṣòwò Àjàṣẹ́ tó yáwó kò ní lè san án. Torí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ní kí ọrọ̀ ajé àwọn ilẹ̀ tó fẹ́ jọ ná owó kan kọ́kọ́ sún mọ́ra, kí báńkì wọn tó di ọ̀kan.

Àwọn ilẹ̀ ECOWAS náà mọ èyí, wọ́n sì ti kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́rin ló ṣe kókó jù níbẹ̀: ohun tí ìjọba ń ná ju èyí tó ń wọlé fún un kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ilẹ̀ náà pèsè lọ́dún, ọ̀wọ́n gógó kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10, ibi tí wọ́n ń lọ sì ni 5, owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní ìpamọ́ gbọ́dọ̀ tó ra ọjà òkèèrè fún oṣù mẹ́ta, owó tí báńkì àpapọ̀ bá sì yá ìjọba kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10 nínú owó orí ọdún tó kọjá.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa Eco. Ẹ fi wé èésú. Èèyàn mẹ́wàá ń dá owó, ẹnì kan wá wà láàrin wọn tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí ọmọ rẹ̀ bá ti sunkún, yóò ṣí i, yóò mú níbẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù kò ní dá mọ́. Òfin CBN ti ọdún 2007 fi ààlà sí owó tí báńkì náà lè yá ìjọba àpapọ̀: ìdá 5 nínú owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kí wọ́n sì san án padà kí ọdún tó parí. Owó yìí ni wọ́n ń pè ní Ways and Means. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó ti pọ̀ débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ náírà tírílíọ̀nù 22.7 nínú rẹ̀ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. A ní òfin tiwa nílẹ̀, a sì fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Gánà kò sàn jù wá lọ nígbà náà. Ọ̀wọ́n gógó ọjà wọn dé ìdá 54.1 ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, báńkì àpapọ̀ wọn náà ti ń yá ìjọba lówó. Kí ni aṣojú Tógò tàbí ti Sẹ̀nẹ̀gà máa rò tí wọ́n bá ní kó fi owó rẹ̀ sínú àpótí kan náà pẹ̀lú tiwa?

Yúróòpù kò gba gbẹ̀rẹ́ nínú èyí rárá. Àdéhùn Maastricht, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 1992, kà á léèwọ̀ pátápátá pé kí báńkì àpapọ̀ kankan yá ìjọba lówó, ó sì ní kò sí olóṣèlú tó gbọdọ̀ pàṣẹ fún gómìnà báńkì. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tún òfin báńkì rẹ̀ kọ kó tó di ọjọ́ ìwọlé. Síbẹ̀ náà, Gíríìsì rí ọ̀nà gbà wọlé lọ́dún 2001 pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí kò péye. Yúróòpù náà ní gbèdéke ìdá 3 lórí ohun tí ìjọba ń ná ju èyí tó ń wọlé; ọdún 2004 ló hàn gbangba pé kò bá wọn mu ní àwọn ọdún tí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìṣirò fi ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ ládùn létí: kí gbogbo ilẹ̀ jọ máa fi òṣùwọ̀n kan náà ka iye ọjà, gbèsè àti owó tó wà níta. Àjọ WAMA tó wà ní Freetown àti WAMI tó wà ní Accra, àwọn tó ń múra owó kan ṣoṣo yìí sílẹ̀, ti ń bá irú iṣẹ́ yìí bọ̀ fún ọdún pípẹ́, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọpẹ́ gbà lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2027 ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, àwọn ilẹ̀ tí kì í ná séfà pàdé ní Accra, wọ́n ní àwọn náà yóò dá owó kan ṣoṣo sílẹ̀. Gáḿbíà, Gánà, Gínì, Nàìjíríà àti Sierra Leone ni wọ́n, Làìbéríà dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó di 2005, ó di 2009, ó di 2015, ó di 2020. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, gbogbo ECOWAS fẹnu kò ní Abuja lórí orúkọ Eco. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n sún ọjọ́ náà sí 2027. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n sún kàn ń jẹ́wọ́ pé òṣùwọ̀n tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn kò tíì bá wọn mu ni, ó sì sàn kí wọ́n sún un ju kí wọ́n tì í wọlé lọ.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í mọ̀: a ti jọ ná owó kan rí. Láti ọdún 1912 ni ìgbìmọ̀ kan tó wà ní London ti ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tí àwọn ìyá yín ná ní Ìdíròkò, òun náà ni wọ́n ń ná ní Accra àti Freetown. Kí ló dé tí a fi í sílẹ̀? Nítorí pé ìgbìmọ̀ náà kò lágbára láti yá ìjọba wa ní kọ́bọ̀, London ló sì di gbogbo rẹ̀ mú. Gánà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1958, CBN ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1959. Agbára tí a tìtorí rẹ̀ dá CBN sílẹ̀ nígbà náà gan-an ni wọ́n ní ká tún gbé fún ẹlòmíràn báyìí. Kò lè rọrùn.

Ti àwọn ará Kútọnu yàtọ̀ díẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀; ẹ̀ka BCEAO ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà ní Lomé. Ilẹ̀ mẹ́jọ ló jọ ń ná séfà ti Dakar. Ẹ tilẹ̀ lè wo Guinea-Bissau bí ẹ bá fẹ́ mọ bí báńkì kan ṣe ń wọnú òmíràn ní sàkáání wa níbí: lọ́dún 1997, wọ́n fi peso sílẹ̀, peso 65 di séfà kan, báńkì àpapọ̀ wọn sì di ẹ̀ka BCEAO. Wọ́n bá ilé tí wọ́n ti kọ́ parí nílẹ̀ ni. Eco kò ní ilé kankan nílẹ̀ báyìí.

Ọmọ yín gbọ́ pé séfà ló máa di Eco. Mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 2019, Ààrẹ Ouattara ti Ivory Coast àti Ààrẹ Macron ti Faransé dúró ní Abidjan, wọ́n kéde pé séfà yóò yí orúkọ padà sí Eco, pé kò ní pọn dandan mọ́ láti kó ìdajì owó ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀ pamọ́ sí àpò ìjọba Faransé. Kò pé oṣù kan tí àwọn mínísítà Nàìjíríà, Gánà àtàwọn yòókù pàdé ní Abuja, wọ́n ní èyí kò bá àdéhùn mu. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Eco tí ECOWAS fọwọ́ sí, ọjà ni yóò máa pinnu iye rẹ̀. Séfà ní tirẹ̀ so mọ́ Yúrò, 655.957 sí Yúrò kan. Wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà lásán ni. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS, síbẹ̀ séfà kan náà ni wọ́n ṣì ń ná. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́jú pọ̀ tó.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ẹni tó tọ́jú séfà láti 2022 jèrè. Òótọ́ ni, ó jèrè dáadáa. Ṣùgbọ́n náírà tó já bọ́ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ló fún un lérè yẹn. Eco kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Séfà náà kì í ṣe òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣòwò ní oṣù Kìíní ọdún 1994 á rántí òru tí wọ́n gé iye rẹ̀ sí méjì, tí séfà 50 tó ń gba franc Faransé kan di 100.

Àmì tí ẹ ó máa wò nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Abuja ń tún òfin CBN kọ kí ìjọba má baà lè yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ tẹ́tí. Bí wọ́n bá kéde ibi tí báńkì àpapọ̀ Eco yóò wà àti ẹni tí yóò jẹ́ gómìnà rẹ̀, ẹ jókòó ṣèṣirò. Bí wọ́n bá kéde pé náírà báyìí ni yóò gba Eco kan, tí ẹ sì rí iye méjì lára àpò ìrẹsì, ó ku oṣù díẹ̀ nìyẹn. Nígbà náà, owó tó wà ní báńkì yóò yí padà fúnra rẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ yín ní náírà yóò di Eco ní iye tí wọ́n kéde, kò ní dín, kò ní lé. Nítorí náà, àwọn tó ń gbàwìn lọ́wọ́ yín, ẹ máa kọ orúkọ wọn àti iye tí wọ́n jẹ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Ní ti séfà tí ẹ̀yin gan-an jẹ ará Àjàṣẹ́, ẹ tètè san án, torí ohun tí náírà lè dà lóṣù tó ń bọ̀.